Ọjọ́ Tí Filter Alàájì Gbá Kwara Dànù

Alàájì kì í pa ímeèlì rẹ́. Ọ́fíìsì kan ní GRA Ìlọrin ló ti ń ṣiṣẹ́, ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì ni pé ìwé iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń jù nù. Ayé kílàákì ló ti gbé ìgbàgbọ́ yẹn bọ̀, nígbà tí fáìlì ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí eku ń bá wọn jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ní kí gbogbo ẹ̀ka máa fi ímeèlì kọ̀wé síra wọn, Alàájì kàn ń gbà á ni. Ìwé ìpàdé wà níbẹ̀, ìwé ìsinmi wà níbẹ̀. Báǹkì ń kí i kú ọjọ́ ìbí, àwọn tó ń ta bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń fi fọ́tò ìpàdé ránṣẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Nọ́ńbà àwọn tí kò tíì kà, èyí tó máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Inbox, ti kọjá 11,000. Bí ẹnikẹ́ni bá wò ó lẹ́yìn rẹ̀ tó ní "háà", á ní: "Ẹ fi sílẹ̀, mo mọ ibi tí gbogbo ẹ̀ wà."

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà.

Akáùǹtáǹtì wọn, ọmọ Ọ̀fà, ló kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ dé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní: "Alàájì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé owó tí mo fi ránṣẹ́ sí yín láàárọ̀ ti padà wá bá mi. Wọ́n ní kò sí àyè lọ́dọ̀ yín mọ́."

Alàájì wo yàrá rẹ̀ yíká. "Kò sí àyè báwo? Àga méjì ló ṣófo yìí."

Àyè tí wọ́n ń wí kì í ṣe ti àga. Gmail ọ̀fẹ́, irú èyí tí Alàájì ń lò, kì í kún nítorí pé lẹ́tà pọ̀. Ìwọ̀n wọn ló ń kún un. 15 GB ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, àjọpín sì ni: Gmail, Drive àti Google Photos ló jọ ń lò ó. Bí ó bá ti kún, ẹni tó ni àpótí ò lè fi lẹ́tà ránṣẹ́, kò sì lè gbà. KB, MB àti GB ni wọ́n fi ń wọn àyè yìí: 1,000 KB ló ń di 1 MB, 1,000 MB ló ń di 1 GB. Lẹ́tà lásán tí kò ní fáìlì nínú kì í sábà tó 100 KB, nítorí náà 10,000 irú rẹ̀ kò tíì tó 1 GB. Fídíò ìṣẹ́jú kan tí fóònù ayé òde òní bá yà lè tó 100 MB. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan ṣoṣo lè gba àyè tó 10,000 lẹ́tà ń gbà.

Alàájì ò mọ èyí. Ó gbé fóònù, ó ń fi àtàǹpàkò fa lẹ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi pe ìrun Aláásárì. Lẹ́tà ń pòórá lójú rẹ̀, inú ẹ̀ ń dùn. Archive ni ìka rẹ̀ ń ṣe ní gbogbo àsìkò yẹn, kì í ṣe Delete. Archive kàn ń gbé lẹ́tà kúrò ní Inbox ni, ó ṣì wà ní All Mail digbí, kò sì dín ìwọ̀n kù ní KB kan. Delete pàápàá kì í ṣe òpin. Inú Trash ni lẹ́tà ń lọ, á gbé ibẹ̀ fún 30 ọjọ́ kó tó parẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n á sì máa kà á mọ́ 15 GB títí ọjọ́ á fi pé.

Alhaja tó ń tẹ̀wé ní yàrá iwájú ló wá gbà á sílẹ̀. Kò ka lẹ́tà kankan. Orí kọ̀ǹpútà ló jókòó sí, ó tẹ has:attachment larger:10M sí ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, gbogbo lẹ́tà tó bá wúwo ju 10 MB lọ sì jáde sójú kan. Wọn ò ju igba ó lé díẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọ́n lé ní 4 GB. Ta ni ọ̀daràn? Mẹ́mò. Mẹ́mò ojú ìwé mẹ́ta tí ẹnì kan fi scanner yà pẹ̀lú àwọ̀ mèremère ní 600 dpi, bí ẹni pé ère Ẹsìẹ́ ni wọ́n fẹ́ yà fún mùsíọ́mù. Dúdú àti funfun, 200 dpi, ti pọ̀ tó fún mẹ́mò. Á rí kà dáadáa, kò sì ní tó 1 MB. Alhaja kó èyí tó ṣe pàtàkì sórí flash, ó pa ìyókù rẹ́, ó bọ́ sínú Trash, ó tẹ Empty Trash.

Alàájì káwọ́ lérí. "Alhaja! Gbogbo ẹ̀ ló lọ yẹn?"

"Ó ti lọ, Alàájì. Èyí tó wúlò wà lórí flash."

Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó búra lójú ẹsẹ̀ pé òun ò ní fọwọ́ òun tẹ bọ́tìnì yẹn láé, torí kò sí ìdọ̀tí tí kò lè wúlò lọ́la. Ìbúra yìí ṣì máa ṣiṣẹ́.

Ìyókù ẹrù wà ní Google Photos. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì ni wọ́n fi ṣí fóònù Alàájì lọ́jọ́ tó rà á, nítorí náà fídíò wòlímọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, láti ìgbà tó gbé wàláà dání títí dé ibi tí wọ́n ti ń náwó fún un, ń rọra wọ inú àpótí ọ́fíìsì. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2021, Google kì í ka fọ́tò tí wọ́n bá ti fún pọ̀ mọ́ 15 GB yẹn. Láti ìgbà náà wá, kíkà ni. Alàájì ní òun ò ní pa wòlímọ̀ ọmọ òun rẹ́ nítorí mẹ́mò, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Wọ́n dà á sórí flash mìíràn, wọ́n ṣí i wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́ (ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ibí yìí, wọ́n á wá sunkún), kí wọ́n tó pa á rẹ́ lórí Photos. Photos ní Trash tiẹ̀ lọ́tọ̀, 60 ọjọ́ ni nǹkan sì ń lò níbẹ̀ bí èèyàn ò bá dà á nù.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbí. Àyè ti wà, lẹ́tà ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 11,000 yẹn ṣì ń wo Alàájì lójú, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ò sì dẹ̀yìn. Àdírẹ́sì wọn pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní: akọ̀wé ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́, akápò ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ẹni tó ya fọ́tò náà ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni gbogbo wọn máa ń kọ sókè lẹ́tà, Kwara sì wà nínú orúkọ náà.

Ọmọkùnrin kan wà ní yàrá kejì tó máa ń sọ pé òun mọ kọ̀ǹpútà. Òun ló ní: "Alàájì, ẹ jẹ́ ká ṣe filter, sà." Filter ni òfin tí èèyàn ń fún Gmail nípa ohun tó máa fi lẹ́tà kan ṣe bó bá ti ń wọlé. Wọ́n ṣí fọ́ọ̀mù filter. Ó ní àyè fún From, ó ní fún Subject, ó ní fún Has the words. Ọmọkùnrin yìí tẹ Kwara sí Has the words. Bọ́tìnì Search wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn, pàápàá nítorí irú ọjọ́ báyìí: bí o bá tẹ̀ ẹ́ kó o tó tẹ Create filter, á fi gbogbo lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ rẹ máa mú hàn ọ́. Wọn ò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n mú Delete it, wọ́n tún mú èyí tó ní kí ó kan àwọn lẹ́tà àtijọ́ náà, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Nọ́ńbà 11,000 já wálẹ̀ bí omi odò nígbà ọ̀dà. Alàájì ní "Alihamudulilahi", ó fún ọmọkùnrin náà lówó wàrà.

Ohun tí wọn ò rò ni pé Has the words kì í wo àkọlé nìkan. Gbogbo ara lẹ́tà ló ń tú, dé ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sí. Kí ló sì wà nísàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà ọ́fíìsì ní Ìlọrin? Òpópónà kan, lẹ́yìn náà Ilorin, lẹ́yìn náà Kwara State. Ìwé ọ̀gá, ìwé owó, ìwé ìpàdé, gbogbo rẹ̀ ń gba iwájú ilé kọjá lọ sínú Trash. Ẹni tó ń ta bàtà ní Èkó nìkan ni ọ̀nà là fún.

Alàájì gbádùn. Ó ń ka ìwé ìròyìn, ó ń jáde ní wákàtí tó tọ́. Ó tilẹ̀ ń gba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níyànjú pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀, inbox ẹ̀ kì í kún. Ìgbà tó yá, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí dún: "Alàájì, a ò rí èsì yín o." "Wàláhì, kò sí ìwé kankan lọ́dọ̀ mi!" Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹnu ni akáùǹtáǹtì fi ja tirẹ̀ lọ́jọ́ náà: "Alàájì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ránṣẹ́, kò sì padà wá bá mi. Ṣé iwin ló ń gbà á ni?" Èyí tó wọ Alàájì lákínyẹmí ara ni ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta kan ní Ọ̀mù-Àrán, tòun towó ọkọ̀ àti owó ibùsùn. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò dáhùn, wọ́n fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀, onítọ̀hún sì gbé báàgì tuntun tí wọ́n fún un níbẹ̀ wọ ọ́fíìsì, ó gbé e kọ́ èjìká láti àárọ̀ dalẹ́.

Alàájì wá Ọ̀mù-Àrán nínú àpótí rẹ̀. Gmail ní kò sí. Ṣùgbọ́n Gmail kì í wo inú Trash àti Spam bí wọn ò bá rán an níbẹ̀. Ìlà kékeré kan nìkan ló fi ń sọ ọ́ nísàlẹ̀ pé lẹ́tà tó bá ohun tí wọ́n ń wá mu wà ní Trash. Ẹni tó ní 11,000 lẹ́tà tí kò kà, ṣé ìlà wínníwínní ló máa wá kà?

Àgùnbánirọ̀ tuntun tí wọ́n pín sọ́dọ̀ wọn ni wọ́n pè. Ó jókòó, ó ṣí Settings, ó wo Filters and Blocked Addresses, ó dákẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ní kí wọ́n pa Kwara rẹ́?"

"Kwara wo?"

"Kwara tí a wà nínú ẹ̀ yìí, sà."

Filter yẹn ni Kópà kọ́kọ́ yọ, kó tó gbé lẹ́tà kankan jáde, nítorí bí ó bá wà níbẹ̀, bí o ti ń kó ti àná jáde ni ti òní ń wọlé. Lẹ́yìn náà ló tẹ in:trash Kwara. Àpótí kékeré tí wọ́n ń mú lókè, lẹ́tà tó wà lójú ìwé yẹn nìkan ló ń mú, 50 ni bí wọn ò bá yí i padà. Ìlà kan á jáde lókè tó ní kí o mú gbogbo èyí tó kù. Kópà mú gbogbo rẹ̀, ó kó wọn padà sí Inbox. Ọjọ́ kẹtàlélógún filter nìyẹn, ó ku ọjọ́ méje kí Trash bẹ̀rẹ̀ sí jẹ wọ́n. Alàájì ò sì tíì tẹ Empty Trash, ó ti búra. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìbúra yẹn bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n òun ló yọ gbogbo wọn.

Fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, Kópà ṣe filter mìíràn. Àdírẹ́sì àwọn tó ń fi ránṣẹ́ ló kó sí From, ó fi OR sáàárín wọn, ó sì yan Skip the Inbox pẹ̀lú label tiwọn dípò Delete. Wọ́n á máa kóra jọ síbì kan, ọjọ́ tó bá wu Alàájì kó lọ kí wọn.

Alàájì wá fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ọ́fíìsì. Ọmọ Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀: lẹ́tà náà dùn, àpọ́nlé kún inú ẹ̀, ó sì fi àdúrà parí rẹ̀ pé Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ ká pàdánù ohun tó jẹ́ tiwa. Reply all ló tẹ̀, èyí tó ń fi èsì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí lẹ́tà. Ènìyàn 65 ló wà lórí lẹ́tà yẹn, òun náà mọ́ wọn. Undo máa ń hàn fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 lẹ́yìn tí lẹ́tà bá lọ, wọ́n sì lè sún un dé 30 nínú Settings, ṣùgbọ́n 5 ni tiẹ̀, ìyẹn ò sì tó o wá awò ojú rẹ̀.

"Àmín," ni ẹni àkọ́kọ́ wí, pẹ̀lú Reply all. "Àmín o, Alàájì." "Àmín láṣẹ Èdùmàrè." Bí ènìyàn 40 bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí Àmín kọ̀ọ̀kan sì dé ọwọ́ 64, Àmín 2,560 nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìlọrin nìkan o. Ní 2016, lẹ́tà àyẹ̀wò kan ṣoṣo bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ NHS, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó lé ní 800,000, àwọn tó ń fi Reply all bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ àwọn kúrò ló sì sọ gbogbo ètò náà di kẹ̀ǹgbẹ̀ tó dí lẹ́nu. Inú Bcc, àyè tí orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ kì í hàn sí àwọn yòókù, ló yẹ kí wọ́n kó orúkọ irú èrò bẹ́ẹ̀ sí, torí Reply all ẹni tó gbà á kò lè dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù.

Kópà ń ṣàlàyé èyí lọ́wọ́, fóònù Alàájì ń dún tín-ín, tín-ín, tín-ín lórí tábìlì. Alàájì rọra sún máòsì mọ́ra.

"Kópà, ọmọ mi, ṣé a ò lè ṣe filter fún Àmín?"

"Bàbá, ẹ gbé máòsì yẹn fún mi, sà."