Eyín Méjì Ni Mo Yọ Kí N Tó Mọ̀ Pé Eyín Kọ́ Ló Ń Dùn Mí

Fún bí ọdún méjì ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún fi ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata rodo pa á, tí ahọ́n mi sì ń jó mi láti ọ̀sán títí di alẹ́. Mo yọ eyín kan, ìrora kò lọ. Mo yọ ìkejì, ó tún le sí i. Èmi ni mo ń bẹ dókítà eyín pé kó yọ wọ́n, nítorí mo gbà pé ohunkóhun tó bá ń dun èèyàn lẹ́nu, eyín ni.

Ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò bóyá ìtọ̀ ṣúgà ni, tàbí àìtó èròjà irin àti fítámínì B12, tí í máa mú kí ahọ́n jóni. Wọn kò rí nǹkan kan. Dókítà wá kọ amitriptyline fún mi. Ọmọbìnrin tó wà ní kẹ́míìsì wo ìwé náà, ó wo ojú mi, ó sì rọra béèrè pé, "Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ lò ó?" Mo mọ ohun tó ń bi mí: ṣé èmi ni ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì tó bẹ́ẹ̀ ni? Mo ká ìwé náà sínú àpò, oṣù mẹ́ta sì kọjá kí n tó padà síbẹ̀.

Lóòótọ́, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wo ìrora kéré púpọ̀ sí ti ìrẹ̀wẹ̀sì. Mílígíráàmù 10 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà náà fi yé mi pé nígbà tí ibì kan bá fara pa, ara máa ń tú àwọn èròjà kan jáde tí í mú kí ibẹ̀ wú, kó pọ́n, kó sì gbóná, àwọn èròjà yìí náà ló sì ń jí iṣan tí ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Nígbà mìíràn, wíwú náà á ti lọ tán, iṣan náà kò sì ní padà sùn. Ìdí nìyẹn tí ibuprofen, tó ń gbógun ti wíwú, kò fi ṣe mí ní oore kankan, tó kàn ń ta mí nínú. Ọ̀nà tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ fi ń pa ìrora lẹ́nu mọ́ ni amitriptyline ń fún lágbára. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ ti rí i pé ọ̀kan nínú àwọn èròjà wíwú wọ̀nyí, interleukin-6, sábà máa ń pọ̀ díẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì. Nítorí náà, bí ọkàn yín bá rẹ̀wẹ̀sì nínú ìrora, kì í ṣe ojo lẹ ń ṣe.

Oníwọ̀n 25 ni mo rí rà. Dókítà ní kí n fi bíléèdì là á sí méjì. Ìlàjì náà korò, ó sì máa ń mú kí ahọ́n kú tipiri bí n kò bá tètè fi omi gbé e mì. Wákàtí méjì kí n tó sùn ni mo ń lò ó, torí ó ń kunni lóorun. Ó gbẹ mí lẹ́nu, ó sì mú kí ìgbẹ́ le, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo jẹ àmàlà tán, mo ń fọ ọwọ́, kí n tó rántí pé n kò di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú rárá.

Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ní àìsàn ọkàn, tàbí bí ìfúnpá bá ga nínú ẹyinjú yín, kí ẹ sì ka gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún un, pàápàá tramadol, nítorí pípa á pọ̀ mọ́ amitriptyline léwu.