Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ wo Parsons ní Arlington, àríyànjiyàn owó ò jẹ́ ká jẹun gbádùn

Ọ̀nà I-45 láti Houston lọ sí Dallas, bíi máìlì 240 ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì máa ń sú mi, àfi Buc-ee's, ilé epo ńlá tó wà ní Madisonville, tí gbogbo èèyàn máa ń yà sí kí wọ́n lè tọ̀, tí wọ́n á sì jáde pẹ̀lú báàgì ẹran gbígbẹ tí wọn ò ní lọ́kàn láti rà tẹ́lẹ̀. Èmi o, Texans, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (NFL) ti Houston, lèmi ń bá lọ, ẹ má bínú. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Grand Prairie, ọmọ Cowboys (ẹgbẹ́ Dallas, Arlington ni pápá wọn wà) pọ́ńbélé ni, ó ti ń bá wọn jìyà látọjọ́ tó ti dé Amẹ́ríkà, torí pé Super Bowl (ife àṣekágbá NFL) tí wọ́n gbà kẹ́yìn, January 1996 ni, Ìbàdàn ló ṣì wà nígbà yẹn. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì eré Cowboys àti Green Bay Packers sílẹ̀, September 28, 2025, kó tó di pé lọ́jọ́ 28 oṣù August Dallas gbé Micah Parsons, pass rusher tó jẹ́ ìràwọ̀ wọn, fún Green Bay yẹn gan-an! Oṣù kan géérégé ló kù kí eré wáyé. Ó pè mí, ó ní "Àbúrò, wá o, èmi nìkan ò lè dá lọ wo ọmọ yẹn nínú aṣọ ẹlòmíì."

Fún ẹ̀yin tó jẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lẹ ń wò: pass rusher ni ẹni tíṣẹ́ ẹ̀ ò ju pé kó já àwọn géńdé tó wà níwájú ẹ̀ kọjá, kó gbé quarterback ṣánlẹ̀ kí ìyẹn tó ráyè ju bọ́ọ̀lù. Tó bá ti gbé e ṣánlẹ̀, sack nìyẹn. Láti 2021 tí Dallas ti mú Parsons láti Penn State, ó ní sack 52.5 láàárín ọdún mẹ́rin, kò sì sọ́dún tí tiẹ̀ wálẹ̀ ju 12 lọ, kódà 2024 tó fẹsẹ̀ ṣèṣe, tí kò gbá gbogbo eré. Wàhálà ibẹ̀ ni salary cap. Ní 2025, mílíọ̀nù $279.2 ni wọ́n fi dí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ lórí owó gbogbo agbábọ́ọ̀lù ẹ̀, bó ti wù kí olówó ẹgbẹ́ náà lówó tó. Dak Prescott, quarterback Dallas, nìkan, tá a bá pín owó ẹ̀ dọ́gba, mílíọ̀nù $60 lọ́dún. CeeDee Lamb tó máa ń já bọ́ọ̀lù gbà fún wọn, mílíọ̀nù 34. Green Bay wá fún Parsons ní 188 fún ọdún mẹ́rin, ìyẹn 47 lọ́dún. Ẹ ro ó pọ̀ kẹ́ ẹ wò ó, 141, ìdajì owó ilé lọ sórí èèyàn mẹ́ta, àwọn tó kù ńkọ́, ṣé afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa jẹ ni?

Ọ̀rọ̀ yìí la bá nílẹ̀ ní gbàgede tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Ẹni tí kò bá tíì dé Arlington rí, kó mọ̀ pé kò sí bọ́ọ̀sì ìlú tó ń ná ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́ níbẹ̀ bíi ti Houston, mọ́tò lẹ máa gbé wá, ẹ sì máa sanwó páàkì tó máa dùn yín. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ lárinrin! Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń dáná, eré ò ní bẹ̀rẹ̀ títí dìrọ̀lẹ́, oòrùn Texas sì ń jó wa lórí. Àwọn òyìnbó ń fín brisket, àwọn ará Mexico ń yan fajita, àwa náà ní súyà àti ìrẹsì jollof tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dì sínú kúlà. Bàbá kan láti Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń pè ní Dádì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò owó, jókòó sórí àga tó ṣe é ká, ó ní káwọn ọmọdé dákẹ́ kóun sọ̀rọ̀.

Òyìnbó àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ sọ, aṣọ nọ́ńbà 12 ti Roger Staubach, quarterback Dallas àtijọ́, ló wọ̀. Ó ní ẹ jẹ́ kí Parsons máa lọ, ní 1989 nígbà tí Jerry Jones ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹgbẹ́ yìí, Herschel Walker nìràwọ̀ wọn, wọ́n gbé e fún Minnesota, wọ́n kó pick (ẹ̀tọ́ láti mú ọmọ yunifásítì tuntun) rẹpẹtẹ, ohun tí wọ́n fi ibẹ̀ rí ló bí Emmitt Smith tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, ẹ wo bí Super Bowl ṣe rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, mẹ́ta. Jerry fúnra ẹ̀ ti fa ìtàn yẹn yọ. Ẹ̀gbọ́n mi náà wà lẹ́yìn ẹ̀, ìyàlẹ́nu gbáà ló jẹ́ fún mi. Ó ní nígbà tí Parsons wà, ṣé kì í ṣe 7-10 (wọ́n borí méje, wọ́n pàdánù mẹ́wàá) ni wọ́n fi parí 2024, ṣé kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà tó gba àárín sáré ni wọn ò lè dá dúró, pick first round (ìpele àkọ́kọ́) méjì, 2026 àti 2027, pẹ̀lú Kenny Clark tó ń dí àárín, kí lẹ tún ń fẹ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi tépù bo orúkọ Parsons lẹ́yìn aṣọ ẹ̀ ní òun ò fẹ́ pick, òun fẹ́ èèyàn. Ó ní kí wọ́n bi Raiders léèrè, 2018, wọ́n gbé Khalil Mack, pass rusher wọn, fún Chicago, pick first round méjì wà nínú ohun tí wọ́n gbà, 4-12 ni wọ́n jẹ lọ́dún yẹn.

Dádì wá gbá ọwọ́. Ó ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé kò sáàyè nínú cap, irọ́ lẹ̀ ń pa fúnra yín. Ó ní bó ṣe rí ni pé ẹgbẹ́ lè sọ owó oṣù agbábọ́ọ̀lù di bonus, wọ́n á san án fún un lówó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àmọ́ lójú cap wọ́n lè pín in sí ọdún tó lè tó márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń yá owó kọ̀pú níbi iṣẹ́ tí wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, tó o bá wá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó tán, gbogbo èyí tó kù á já lé ọ lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ tọ́jú èèyàn, á tọ́jú ẹ̀. Ó ní ohun tó pa Dallas ni ìfòní-dónìí fọ̀la-dọ́la. Nígbà tí Parsons ti lè tọwọ́ bọ̀wé tuntun ní 2024, Nick Bosa ló ń gba owó jù nínú àwọn pass rusher, mílíọ̀nù 34 lọ́dún. Wọ́n dúró. Maxx Crosby gba 35.5, Myles Garrett gba 40, T.J. Watt gba 41, gbogbo ìyẹn láàárín oṣù díẹ̀ ní 2025, Jerry ṣì jókòó, ó ń sọ fáwọn oníròyìn pé òun àti ọmọ náà ti jọ sọ ọ́ tán láìsí aṣojú ẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà bínú, ní August 1 ó kọ ọ́ síta pé kí wọ́n jẹ́ kóun máa lọ.

Mi ò ní parọ́, ẹ̀yìn Dádì ni mo wà, mo ṣì wà níbẹ̀. Àwa ará Houston mọ bó ṣe ń dun èèyàn, 2019 a gbé Jadeveon Clowney, pass rusher tiwa, fún Seattle, pick third round kan àti èèyàn méjì la gbà, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Inú stadium? Ó tóbi kọjá sísọ, tẹlifíṣọ̀n tó so mọ́ òkè yẹn lèmi ń wò jù, kì í ṣe pápá. Nígbà tí Parsons jáde, àwọn kan ń hó lé e lórí, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe ìkankan. Lamb ò gbá, ó ti ṣèṣe, àmọ́ George Pickens ń ṣe bó ṣe wù ú, touchdown (kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wọ ìlà) méjì, Romeo Doubs náà já mẹ́ta gbà fún Green Bay, ìgbèjà ò sí níbì kankan, bọ́ọ̀lù kàn ń wọlé ṣáá. Wọ́n wọ overtime, àfikún àkókò. Dallas sún mọ́ ẹnu ìlà, Dak gbé bọ́ọ̀lù sáré, ó kù díẹ̀ kó wọlé, Parsons lé e bá, ó gbé e ṣubú. Sack kan ṣoṣo tó ní lálẹ́ yẹn nìyẹn! Field goal (fífi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, tí point ẹ̀ kéré) ni Dallas rí mú níbẹ̀ dípò touchdown, Green Bay náà gbá tiwọn wọlé bí aago ṣe ń tán, 40-40, wọ́n ta ọ̀mì. Ọ̀mì! Mo wa mọ́tò wá láti Houston torí ọ̀mì. Bá a ṣe ń jáde, ọmọkùnrin onítépù yẹn kọjá lára wa, ó ti ya tépù ẹ̀ dànù, ó na ìka sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ní November, Dallas lọ gbé Quinnen Williams láti New York Jets, wọ́n sì fi pick first round 2027 kan san níbẹ̀. Dádì (tó ti gba nọ́ńbà mi báyìí, ojoojúmọ́ ló ń fi nǹkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp) ṣe ìṣirò fún wa: Williams mílíọ̀nù 24 lọ́dún, Clark bíi 21, Osa Odighizuwa tó jẹ́ ọmọ Naijá 20. Bíi 65 fún èèyàn mẹ́ta tó ń dí àárín, tí Parsons tẹ́ ẹ ní kò sówó fún sì jẹ́ 47. Ẹ̀gbọ́n mi kà á, kò fèsì.

Àfi December 14 tí ACL, iṣan inú orúnkún Parsons, já ní Denver, ó ti ní sack 12.5 nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n fi voice note ránṣẹ́, ó ń pariwo pé "mo sọ fún yín, mo sọ fún yín!" kò pẹ́ ló fi òmíì ránṣẹ́ tó ń bẹ Ọlọ́run pé kóun má fi ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tèmi orúnkún yẹn ò yanjú nǹkan kan, ẹnikẹ́ni lè fara pa, Jerry náà ò rí i lójú àlá kó tó tà á.

Dallas parí pẹ̀lú 7-9-1, wọn ò dé playoffs, ìpele tó ń lọ sí Super Bowl. Pick Green Bay ti 2026 ṣì wà lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn. Mo pe ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń wo fídíò àwọn ọmọ yunifásítì tóun fẹ́ kí wọ́n fi mú, mo ní ta ni wọ́n, ó dárúkọ mẹ́rin. Pass rusher ni gbogbo wọn.