Bí mo ṣe ń fi kádíbọ́ọ̀dù àti páálí ṣe ìwé fọ́tò kékeré

Fọ́tò inú fóònù ti pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè jókòó wò tán lọ, àwọn tí a sì ti fọ̀ jáde, inú lọ́rà lábẹ́ ibùsùn ni púpọ̀ nínú wọn máa ń wà títí ooru àti ọ̀rinrin yóò fi lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn. Ojú fọ́tò tó ń dán máa ń rọ̀ bí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí méjì tó ti lẹ̀ pọ̀ fi máa ń bó ojú ara wọn bí a bá fi agbára fà wọ́n. Nítorí èyí ni mo ṣe ń fi ọwọ́ ṣe ìwé fọ́tò kékeré tó lè wọ àpò aṣọ. Ohun tí mo ń lò kò ju èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé àdúgbò lọ: kádíbọ́ọ̀dù A4 aláwọ̀, gọ́ọ̀mù funfun, rúlà àti réésà. Páálí kọnfuléèkì àti báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán ń bẹ nílé tẹ́lẹ̀.

Irú èyí tí a ṣẹ́ síwá sẹ́yìn, bí abẹ̀bẹ̀ tí ọmọ iléèwé ń fi ìwé ṣe nígbà tí ooru bá mú, ni mo fẹ́ràn jù. Ìwé tí a fi òwú rán láàárín kì í gba nǹkan sí i lẹ́yìn. Bí fọ́tò bá ti kún inú rẹ̀, ṣe ni ẹnu rẹ̀ yóò yà sílẹ̀ tí kò ní lè pa dé mọ́. Èyí tí a ṣẹ́ kò ní ẹ̀yìn tó so ó mọ́lẹ̀, nítorí náà bí fọ́tò ṣe ń pọ̀ ni òun náà ń nípọn sí i láìsí wàhálà. A sì lè nà án tán sórí tábìlì kí gbogbo ará ilé jọ wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí kò ṣeé ṣe pẹ̀lú fóònù.

Fọ́tò tí mo ń fọ̀ fún un jẹ́ íǹṣì 2.5 sí 3.5, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 6.4 sí 8.9, ojú-ewé tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 9 tó sì ga ní 12 yóò sì fi àyè sílẹ̀ yí i ká. Ìwé A4 gùn ní sẹ̀ntímítà 29.7, ó sì fẹ̀ ní 21. Bí a bá gé ọ̀já tó fẹ̀ ní 12 láti ara rẹ̀ ní gígùn, a ó rí ojú-ewé mẹ́ta, ìwọ̀n 2.7 yóò sì kù létí, èyí tí a ó fi lẹ ọ̀já náà mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀já mẹ́rin yóò fún wa ní ojú-ewé 12. Etí ti ìkẹyìn ni a ó gé kúrò. Kí a má ṣe da àjẹkù tó fẹ̀ ní 9 nù, iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀.

Ibi ìṣẹ́po ni iṣẹ́ yìí wà, kì í ṣe ibi ọ̀ṣọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń náwó lé. Ìwé ní fọ́nrán tó tò lọ sí ọ̀nà kan. Bí a bá rọra tẹ̀ ẹ́ láìṣẹ́ ẹ, ọ̀nà tó bá ti rọrùn ni fọ́nrán náà tò sí, ìṣẹ́po tó bá sì bá fọ́nrán lọ yóò dán, nígbà tí èyí tó dábùú rẹ̀ yóò là, tí funfun inú ìwé yóò sì máa hàn. Lára ọ̀pọ̀ ìwé A4, gígùn ìwé ni fọ́nrán ń bá lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ìṣẹ́po wa yóò dábùú rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó ṣẹ́ ẹ, a ó fi ẹnu báírò tí kò ní yíǹkì náà tẹ ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, kí ojú ìwé wọlé díẹ̀ láìgé, kí a tó wá ṣẹ́ ẹ, kí a sì fi ẹ̀yìn ṣíbí fà á mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá kánjú fo ibí yìí yóò rí i pé ojú-ewé kejì ti yà díẹ̀, nígbà tí yóò bá sì fi dé ìkejìlá, ìwé náà yóò ti wọ́ pátápátá.

Èèpo ìwé jẹ́ páálí méjì, 9.6 sí 12.6 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó lè fi mìlímítà mẹ́ta yọ kúrò lára ojú-ewé níbi gbogbo. Ègé ańkárá tó kù lọ́dọ̀ télọ̀ dára láti fi bò ó, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù máa ń là á já tí yóò sì fi àbàwọ́n sílẹ̀, nítorí náà ìwé fẹ́lẹ́ ni kí a kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ náà. Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ aláró, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, kí a fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, torí pé aró kò ní ojú àánú fún fọ́tò. Omi inú gọ́ọ̀mù yóò fa páálí tẹ̀ bí a bá lẹ nǹkan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ojú-ewé àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn tí a lẹ̀ mọ́ inú èèpo ni yóò tún un ṣe, bí a bá fi ìwé ńláńlá tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwọn àgbà máa ń fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ lẹ ìwé, ó sì ń mú dáadáa, àmọ́ oúnjẹ aáyán ni.

N kì í lẹ fọ́tò mọ́ ojú-ewé. Lára àjẹkù ìwé tí a fi pamọ́ ni mo ti ń gé ègé tó gùn ní sẹ̀ntímítà 2 tó sì fẹ̀ ní 1. N óò ṣẹ́ igun òkè rẹ̀ méjèèjì wá sí àárín ìsàlẹ̀, yóò sì di àpò onígun mẹ́ta kékeré. Apá tí a ṣẹ́ ni a ó fi gọ́ọ̀mù kàn mọ́ ìwé, igun fọ́tò yóò sì wọ inú rẹ̀. Mẹ́rin ni fọ́tò kan ń gbà, àjẹkù ìwé A4 kan ṣoṣo sì lè mú ju 100 lọ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lè yọ fọ́tò láti lọ fọ irú rẹ̀ láìba ohunkóhun jẹ́.

Abẹ́ fọ́tò ni mo máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ sí. Orúkọ gan-an ni mo ń kọ, pẹ̀lú ìlú àti ọdún, nítorí pé "Bọ̀dá Èkó" tàbí "Àǹtí Ìbàdàn" tí gbogbo wa mọ̀ lónìí kò ní yé ọmọ tí a kò tíì bí. Bí ọdún bá ṣòro láti rántí, ayẹyẹ tí a ṣe lọ́jọ́ náà tó. Nígbà tí mo ṣe ọ̀kan fún ìyá àgbà wa, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń pe orúkọ tí mo ń kọ, wọ́n sì ń fi oríkì kún ti àwọn kan.

Ẹ̀yìn ọ̀já náà ní ojú mẹ́wàá mìíràn, n kì í fi nǹkan kan sí i. Mo máa ń lẹ àpòòwé kékeré kan mọ́ ojú ìkẹyìn ní iwájú ọ̀já, n óò kó àwọn àpò igun tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, kí ẹni tó ni ìwé náà lè máa fi fọ́tò tuntun sí i fúnra rẹ̀.