Ṣíbí tí mo gbàgbé láàárín òpó Mápó

Òórùn pẹ́ńtì ò tíì kúrò lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń tẹ eléyìí, mo sì ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọkọ̀ Oṣogbo sí Ifẹ̀ ò tètè kún lálẹ́ yìí, aago mẹ́sàn-án ti kọjá kí n tó wọlé, ó rẹ̀ mí gan-an o, àmọ́ mi ò fẹ́ sùn kí n tó kọ ohun tójú mi rí lónìí sílẹ̀.

Sátidé kẹta rèé tí a ti ń lọ kun ògiri ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yẹn. Àwa márùn-ún ni, iṣẹ́ ọnà ni gbogbo wa ń kọ́, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wa, àwọn òbí ọmọ ló dá owó pẹ́ńtì, àwa mú búrọ́ọ̀ṣì àti ọwọ́ wa wá. A ní kí a ya bátànì àdìrẹ sí ara ògiri náà káàkiri, torí pé àwọn ọmọ yìí ń rí i lára aṣọ ìyá wọn lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n wọn ò mọ orúkọ ẹ̀.

Kí n sọ tọkàntọkàn, èmi ni mo fi gbogbo ẹ̀ ṣe tèmi. Mo ya á tán lórí bébà kí àwọn yòókù tó mú pẹ́ńsù, mo pín iṣẹ́ bíi ẹní pín ẹran, ẹni tí ìlà ẹ̀ bá sì wọ́ díẹ̀ mo máa gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹ̀. Ní kíláàsì, orúkọ ẹnì kan ló ń wà lábẹ́ iṣẹ́ kan, ẹnì kan náà ló ń gba máàkì, bó ṣe mọ́ mi lára láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Sátidé tó kọjá a jẹ́ kí àwọn ọmọ náà kùn díẹ̀ nísàlẹ̀ ògiri, ọmọkùnrin kan ya ẹyẹ, pẹ́ńtì ẹ̀ ṣàn dé ilẹ̀, nígbà tí wọ́n lọ sílé mo fi funfun bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń di àkàbà mú fún mi rí i, kò sọ nǹkan kan, àmọ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ títí a fi dé Ifẹ̀.

Lónìí, nǹkan bí aago mọ́kànlá, ọmọ yẹn dé, ó fa ìyá ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ wá. Ó ti sọ fún wọn látọjọ́ yẹn pé òun ya ẹyẹ sára ògiri. Ó ń wá a, ó wá a lọ sókè sódò, ó ní, "Ibí ló wà o, Màmá, ibí yìí ni." Ara mi tutù. Mo kúnlẹ̀ kí Màmá, wọ́n ní "Ó káre, ọmọ mi", wọn ò bi mí ní ọ̀rọ̀ ẹyẹ rárá. Wọ́n kàn dúró síwájú Ìbàdàndùn, bátànì àdìrẹ kan tí mo fi ọjọ́ méjì yà, wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n wá ní, "Òpó Mápó lo yà yìí. Ṣíbí dà?"

Ṣíbí! Òótọ́ ni. Òpó gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, ló wà nínú Ìbàdàndùn, àmọ́ ṣíbí máa ń wà láàárín òpó sí òpó. Mo kàn ya òpó lọ bẹẹrẹ torí pé ó wù mí bẹ́ẹ̀, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni.

Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí a gbé fún wọn, ọ̀rọ̀ wá ń jáde. Ìyá wọn ló ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, láfún tí wọ́n sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, àwọn gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ló ń to àmì tótó kéékèèké sínú igun tó bá ṣẹ́kù, tó bá gbẹ tán wọ́n á gbé e lọ fún aláró ní agbolé míì, ìyẹn ló ní ìkòkò, ìyẹn ló mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi omi eérú ṣe aró èlú, òun ló máa rì í, á fà á yọ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á tún rì í títí á fi dúdú. Mo bi wọ́n pé tí ọmọdé bá ya tiẹ̀ tí kò dáa ńkọ́? Wọ́n ní, "Ẹ̀kọ tó ti gbẹ ti gbẹ náà nìyẹn. Ìyá mi á wá nǹkan yà yí i ká."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo ń ro igbó Ọ̀ṣun tí kò jìnnà sí wa, tí UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Mo ti kọ nípa ẹ̀ nínú ìdánwò rí, pé Susanne Wenger, ayàwòrán ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1950, pé Adébísí Àkànjí tó bá a ṣe àwọn ère inú igbó náà, bíríkìlà ni, pé Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí, kápẹ́ńtà ni. Mo gba máàkì. Àmọ́ mi ò tíì ronú rí nípa bó ṣe máa rí lójoojúmọ́, kí bíríkìlà mú sìmẹ́ńtì tiẹ̀ wá, kí ìwọ tó kàwé sún sẹ́yìn kó o máa wo ọwọ́ ẹ̀.

Mo pe ọmọ yẹn, mo ní, "Èmi ni mo pa ẹyẹ ẹ rẹ́, jọ̀ọ́, má bínú." Ó wò mí, ó ní, "Kí ló dé, Àǹtí?" Mi ò rí èsì kankan fún un. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì fún un. Ẹyẹ tuntun yìí tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti gun orí òpó Mápó mi, pẹ́ńtì ẹ̀ tún ṣàn. Ọ̀rẹ́ mi ló ya àwọn ṣíbí, ó yà wọ́n yí ẹsẹ̀ ẹyẹ ká, ó sì rẹwà, ó rẹwà ju ohun tí mo ní lọ́kàn lọ, ó tún bá mi rẹ́rìn-ín lónìí, inú mi dùn sí ìyẹn ju ògiri lọ.

Màmá ní Sátidé tó ń bọ̀ kí a mú ọ̀pá márùn-ún aṣọ tẹ́rú wá, kí a ra láfún, pé ìyẹ́ adìyẹ wà nílé àwọn. Mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́rin yòókù. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ló máa kọ́kọ́ yà.