Wúfà Kejì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́.

Òórùn wúfà (ẹ̀rọ agbóhùnjáde tó ń gbé béèsì) tó jóná kì í tán bọ̀rọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí tèmi àkọ́kọ́ ti lọ, síbẹ̀ bí oòrùn bá mú búùtù Corolla yìí dáadáa, mo ṣì máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ fìrì. Lónìí ni mo tó ra òmíràn.

Èmi ni mo pa èyí àkọ́kọ́ fúnra mi. Agbára àmúlífáyà (ẹ̀rọ tó ń fún wúfà lágbára) tí mo so mọ́ ọn kéré díẹ̀ sí tirẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Nígbà tí béèsì ò dún tó bí mo ṣe fẹ́, mo yí gain títí ó fi dúró, mo ṣe bí fólúùmù ni. Kì í ṣe fólúùmù o! Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú àmúlífáyà bá ohun tí rédíò ń fi ránṣẹ́ sí i mu. Bí a bá yí i kọjá ààlà, orí ohùn á máa gé, agbára tó ń jáde á ju èyí tí wọ́n kọ sí i lọ, kọ́ìlì wúfà (wáyà wíwé inú rẹ̀) á sì máa gbóná títí yóò fi jó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fi gbádùn rẹ̀.

Ní Gate n'Ìbàdàn, àmúlífáyà méjì ni ọmọ tó wà nínú ìsọ̀ gbé síwájú mi. Ọ̀kan ń dán yanran, wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ 2,000 wáàtì sí i lára. Tòkunbọ̀ dúdú kan ni èkejì, ó wúwo, 350 wáàtì RMS (agbára tó lè máa gbé jáde láìdúró) ní 2 ohm (ìwọ̀n bí wúfà ṣe ń dènà iná) ni wọ́n kọ sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé èyí tó lágbára," ló wí, ó nawọ́ sí oníwúrà. Mo bá yí i, mo wo fíúsì ẹ̀yìn rẹ̀: 25 ámpì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná mọ́tò sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 13.8 fóltì. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 25, 345 wáàtì ni. Gbogbo ohun tó lè máa gbà wọlé nìyẹn kí fíúsì tó já, a ò sì tíì yọ èyí tó máa di ooru kúrò. Ibo wá ni 2,000 fẹ́ gbà jáde? Fíúsì 40 ló wà lẹ́yìn tòkunbọ̀, ìyẹn 552 wáàtì, Class D sì ni, kì í fi iná ṣòfò púpọ̀. 350 tí wọ́n kọ sí i ṣeé gbàgbọ́. Òun ni mo gbé. Ọmọ náà wò mí bí ẹni tí kò mọ ọjà rà.

Wúfà tí mo rà jẹ́ íǹṣì 12, RMS rẹ̀ 300 wáàtì, ó ní kọ́ìlì méjì, 4 ohm lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá so wọ́n tẹ̀léra, wọ́n á di 8 ohm, àmúlífáyà mi ò sì ní lè fún un ní ìdajì 350 yẹn. Bí a bá so pósítíìfù mọ́ pósítíìfù, nẹ́gétíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù, wọ́n á di 2. Ká ní oní-2 ohm méjì ni mo rà, tí mo so ó báyẹn, 1 ohm ni ì bá jẹ́, àmúlífáyà mi ò sì gbé e, 2 ló mọ.

Ẹ̀gbọ́n réwáyà ti so ó tẹ̀léra kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn padà. "Bá a ṣe ń so ó nìyẹn, àbúrò mi." Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi mítà wò ó." 7 ló gbé wá. (Kọ́ìlì 4 ohm kì í ka 4 gééré lórí mítà, nǹkan bíi 3.5 ni. Ẹ má tìtorí ẹ̀ dá a padà fún ẹni tó tà á.) Nígbà tí wọ́n tún un so, ó di 1.8. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ọmọ YouTube!"

A tún fa ọ̀rọ̀ wáyà díẹ̀. Mo ti fi abẹ fá wáyà 4 gauge (ìwọ̀n bó ṣe nípọn tó) tí mo rà kí n tó sanwó, nítorí bàbà làwọn kan lóde, funfun ni wọ́n nínú. Wọ́n fẹ́ fi fíúsì sínú búùtù kó lè rọrùn, mo ní rárá, ẹ̀gbẹ́ bátìrì ni, kò gbọ̀dọ̀ jìnnà ju 45 sẹ̀ǹtímítà lọ. Bí wáyà bá bó lọ́nà tó kan bódì, iná ti ràn kí fíúsì búùtù tó mọ̀. Ti áàtì (wáyà tó kan irin mọ́tò), wọ́n ha ọ̀dà kúrò títí irin fi yọ, láìjẹ́ pé mo sọ ọ́.

Ó wá ku gain. 300 wáàtì wúfà lọ́nà 2 ohm jẹ́ 600. Nọ́ńbà tí a lè sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kó tó 600 jẹ́ 24.5, iye fóltì tó yẹ kó jáde nìyẹn. A tú wúfà, mo ki flash tí ohùn 50 Hz wà nínú rẹ̀ bọ rédíò, mo gbé fólúùmù dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, mo sì ń yí gain díẹ̀díẹ̀ títí mítà fi ka 24 fóltì. Kò tíì dé ìdajì. Mo dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, mo rántí bí mo ṣe yí ti èṣí.

Mo gé e sí 80 Hz, kí wúfà má gbé ohùn tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo fi fújì sí i. Gbogbo ìlù dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo ń gbọ́ ọwọ́ onílù.

Àléébù kan péré ló kù: nọ́ńbà ẹ̀yìn mọ́tò ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ìyàwó mi gbọ́ ọ láti kíṣìnì, ó ní ṣé garawa ni mo so mọ́ ọn. Màá wá fóòmù tínrín kan sẹ́yìn rẹ̀ lọ́la.