Inú orin nìkan kọ́

Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n oorun ò wá. Ọ̀rọ̀ ọmọdé kan ló ń lọ tó ń bọ̀ lọ́kàn mi.

Lẹ́nu ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun ni. Ìyá àgbà kan ń kọ́ ọmọọmọ wọn pé agbe ló l'aró, àlùkò ló l'osùn, lékèélékèé ló l'ẹfun. Ọmọ náà ní, "Màmá àgbà, ṣé agbe wà lóòótọ́, àbí inú orin nìkan ló wà?" Màmá kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n fà á lọ́wọ́ lọ.

Inú orin nìkan.

Ó wà o! Ṣùgbọ́n ká ní ó ní kí n fi han òun ńkọ́? Lékèélékèé ló kún inú kámẹ́rà mi. Kò kúkú rọrùn náà: tí oòrùn bá ti mú, ara rẹ̀ á funfun báláú lójú fọ́tò, ìyẹ́ kankan ò ní hàn mọ́, àfi kéèyàn dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ti agbe tún wá yàtọ̀. Aró nínú òjìji ewé, lókè téńté. Ọrùn á máa ro mí, màá rí ewé tó mì, ó tán.

Ẹnìkan ní kí n fi fóònù ké bíi tirẹ̀ kó lè sún mọ́ mi. Mi ò ní ṣe é. Ẹyẹ tó ń sàba lè torí ìyẹn fi ẹyin sílẹ̀.

Lónìí, mo fọ aṣọ, mo dé Ọjà Ọba. Iná ò sí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn dùn mí... àbí kò dùn mí? Ọmọ tó béèrè ti fẹ́ rí i nìyẹn. Hẹ́kítà 75 ni igbó yẹn, UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2005, a kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í gégi. Bí ẹyẹ ò bá rí ibi sá sí mọ́ níta, ibẹ̀ ló kù. Inú tún wá ń bí mi báyìí. Odídẹrẹ́ ńkọ́? Inú àgò ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà tó di 2017 ni òfin àgbáyé tó de títa èyí tí wọ́n mú nínú igbó lọ sókè òkun. Ká má tíì sọ ti...

Ẹ jẹ́ n fi í sílẹ̀. Igi ọ̀pọ̀tọ́ kan ń so lápá odò, agbe sì fẹ́ràn èso. Abẹ́ rẹ̀ ni mo máa wà lọ́la kí ilẹ̀ tó mọ́. Bátìrì kan ṣoṣo ló ṣì ní nǹkan nínú. Á tó.