Wákàtí 112 lórí ìwé kan

Ìwé kékeré kan wà lórí tábìlì mi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fàya. Láti oṣù kìíní ni mo ti ń kọ wákàtí iṣẹ́ sínú rẹ̀: ìgbà tí mo jókòó, ìgbà tí mo dìde, ohun tí mo ṣe láàárín méjèèjì. Alẹ́ àná ni mo tó ráyè ṣírò rẹ̀. Ìyá mi ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé, èéfín ń gba ojú fèrèsé wọlé bá mi.

Ìwé ọmọdé tó gbà mí lákòókò jù lọ́dún yìí gba wákàtí 112. Nínú rẹ̀, 41 péré ni mo fi yàwòrán. Mo tún un rò, torí ó yà mí lẹ́nu. 41 náà ni. Wákàtí 71 tó kù bá ìbéèrè lọ, ó bá ìrìn àjò lọ, ó bá kíka ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé ní àkàtúnkà lọ, àti ìdúró nílé ìtẹ̀wé, àti ìpè orí fóònù.

Ọdún kẹsàn-án mi nídìí iṣẹ́ yìí rèé, níbí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn ará ilé mi ṣì máa ń sọ fún àlejò pé "ó ń fọwọ́ ya nǹkan." Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí lónìí pé kí ni ayàwòrán inú ìwé ń ṣe, màá ní ìbéèrè ló ń béèrè. Bí ọwọ́ èèyàn ṣe lè já fáfá tó, tí kò bá mọ ẹni tó yẹ kó bi, irọ́ tó dán ni yóò máa yà.

Iṣẹ́ 11 ni mo parí: ìwé ọmọdé 2, èèpo ìwé 3, àwòrán ara ògiri 2 fún ilé ìwòsàn, ọ̀kan lórí àwọ̀n ẹ̀fọn, ọ̀kan lórí fífún ọmọ lọ́mú, àti káàdì ìgbéyàwó 4. Káàdì ìgbéyàwó ló tètè ń mówó wọlé. Ìwé ọmọdé ni ọkàn mi wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé ọmọdé ṣe ń rí, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé e wá bá mi ni kò mọ̀. Ojú-ìwé 32 ló sábà máa ń ní. Ilé ìtẹ̀wé ló fa iye yẹn: bébà ńlá kan ni wọ́n ń tẹ̀ lójú méjèèjì, wọ́n á ká a, wọ́n á gé e, á di ojú-ìwé 16, bébà méjì, 32. Nítorí náà mi ò kì í fọwọ́ kan àwọ̀ kankan kí n tó ya àpótí kékeré 32 sórí bébà kan ṣoṣo, kí n rí gbogbo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ibi tí ìtàn ti ń sáré àti ibi tó ti yẹ kó mí. Àwòrán gbọ́dọ̀ kọjá etí bébà ní mìlímítà 3 yíká, kí ọ̀bẹ tó máa gé e má baà fi etí funfun sílẹ̀. Ohunkóhun tó ṣe pàtàkì kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí ojú ibi tí ìwé ti ń ká. Nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ ṣe láyé mi, ibẹ̀ gan-an ni ojú ìyá àgbà inú ìtàn bọ́ sí. Tí ọmọdé bá ṣí i, ìdajì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà ló ń rí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọmọ inú ìtàn. Mo máa ń ya á níwájú, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà tó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó ń sunkún, mo máa ń ya á lẹ́bàá ilẹ̀kùn kí n lè mọ ibi tí orí rẹ̀ dé. Ọmọ tó di ṣùkú lójú-ìwé 5, tó wá di pátẹ́wọ́ lójú-ìwé 27 láìjẹ́ pé ilẹ̀ ọjọ́ mìíràn ti mọ́ nínú ìtàn, ọmọ tó ń kàwé ló máa kọ́kọ́ rí i. Àgbà lè ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó má rí i.

Àwòrán Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan ló jẹ wákàtí mi jù nínú 71 yẹn, bẹ́ẹ̀ láti kékeré ni mo ti ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Wọ́n bí mi sí Kétu, níbi tí àwọn bàbá wa sọ pé ó ti ṣẹ̀. Ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran, mo sì gbà pé ojú tèmi ti rí i tó. Mo ya oníjó méjì tó jáde pọ̀, mo fi ṣaworo sí wọn lẹ́sẹ̀, mo kó ọ̀já àti gèlè jọ sí wọn lára bó ṣe yẹ, mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ti ń gbé igi, ìyẹn ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, lórí láti ìgbà èwe rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo na bébà sí i.

Bàbá wò ó pẹ́. Ó ní, "Ta ni ọrùn rẹ̀ gùn báyìí?"

Kò yé mi. Ó ní kí n dìde. Ó mú aṣọ kan lórí ìjókòó rẹ̀, ó fi bò mí lójú, ó gbé igbá kan lé mi lórí, ó sì tẹ igbá náà síwájú díẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iwájú orí mi. Ó ní kí n rìn. Inú fífẹ́lẹ́ aṣọ yẹn ni mo ti ń wá ilẹ̀. Bí mo bá gbé ojú sókè, igbá á máa yọ̀ sẹ́yìn. Bí mo bá rẹ ọrùn sílẹ̀, á dúró.

"Ojú igi ń bẹ lókè," bàbá wí. "Ojú èèyàn ń bẹ nínú aṣọ. Méjì ni wọ́n. Ìwọ sọ wọ́n di ẹyọ kan."

Ohun tí mo ti ṣe nìyẹn. Mo ti to ojú igi àti orí èèyàn lórí ara wọn ṣánṣán bí ìkòkò orí àdògán, tí oníjó náà fi dà bí òmìrán tí ọrùn rẹ̀ gùn. Láàárín èrò ni mo ti ń wo ìran láti ọjọ́ yìí, mi ò gbé igi rí, n kò sì lè gbé e, torí ọkùnrin ló ń gbé e. Mo padà sílé, mo ya oníjó náà lákọ̀tun ní ìgbà mẹ́fà. Ọrùn rẹ̀ rọlẹ̀ síwájú, orúnkún rẹ̀ tẹ̀, igi ń wo àwọn èèyàn, òun ń wo ilẹ̀. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, wọ́n sì fi í sínú àkójọ wọn ní 2008, orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò ló wà níbẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí wọ́n yà láti òkèèrè ni púpọ̀ nínú wa ń wò yàwòrán rẹ̀, fọ́tò kò sì lè gbé igbá lé èèyàn lórí.

Ohun tó mú mi bínú lọ́dún yìí náà wà níbí. Ní oṣù keje, ẹnì kan ní Kútọnu fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti yà fún un. Ó ní iṣẹ́ ti tán, kí n kàn tún un ṣe díẹ̀, òun á sì san ìdámẹ́rin owó. Onídùndún kan ló wà nínú àwòrán náà. Ó gbé ìlù kọ́ èjìká dáadáa, aṣọ rẹ̀ lẹ́wà, ìmọ́lẹ̀ tàn sí i lójú. Igi tààrà méjì ló fi ń lu ú, bí ẹni ń lu ìlù àwọn ọmọ ológun. Kọ̀ǹgọ́ kò sí níbẹ̀, kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ lórí, tó jẹ́ pé ẹyọ kan ni ọwọ́ kan ń mú nígbà tí ọwọ́ kejì ń fún ọṣán ìlù pọ̀ kí ohùn lè yí padà. Bí ọwọ́ méjèèjì bá ń lu ìlù, ta ni yóò fún ọṣán? Ìlù yẹn kò lè sọ̀rọ̀. Mo kọ èyí fún un, mo ní wákàtí tí títún un ṣe máa gbà kò yàtọ̀ sí ti yíyà á lákọ̀tun, ìyẹn ni pé owó kan náà ni. Kò dá mi lóhùn mọ́. Iṣẹ́ 150,000 sẹ́fà ló bá a lọ, mo sì nílò owó yẹn gan-an, torí owó ilé ìwé àbúrò mi wà lọ́rùn mi. Bó bá tún wá, ohun tí mo sọ náà ni màá tún sọ.

Àṣìṣe tó dùn mí jù, tèmi ni. Èèpo ìwé kan, ọmọbìnrin tó wọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Lójú kọ̀ǹpútà mi, aró náà jinlẹ̀ bí omi ìkòkò aró tó ti ṣe dáadáa. Mo gba Pọ̀bẹ́ àti Ṣàkẹ́tẹ́ lọ sí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, láti gba ẹ̀dà 500. Mo ṣí páálí àkọ́kọ́, aṣọ ọmọ náà ti di àwọ̀ àlùkò. Mo ṣí èkejì. Àlùkò.

Ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó ẹ̀rọ fi sùúrù jókòó tì mí. Ojú kọ̀ǹpútà, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń ṣe àwọ̀: pupa, ewéko, búlúù. Ilé ìtẹ̀wé, yíǹkì mẹ́rin ni: cyan (búlúù tó mọ́lẹ̀), magenta (pupa tó fẹ́ jọ àlùkò), yẹ́lò àti dúdú. Búlúù kan wà tí ìmọ́lẹ̀ lè dá tí yíǹkì kò lè dá. Bí cyan àti magenta bá wá súnmọ́ra jù nínú búlúù, magenta á fà á lọ sí àlùkò. Ẹ̀gbọ́n ní kí n máa jẹ́ kí magenta fi nǹkan bí 30 nínú 100 rẹlẹ̀ sí cyan. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ mi kí n tó rí bébà. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí wọ́n tẹ ohunkóhun kí n tó san owó bébà kan fún ìdánwò, kí n gbé e jáde síta, kí n wò ó nínú oòrùn.

Nígbà tí mo ń padà, páálí kan wà lórí itan mi, mo ń wo àwọn kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà. Àjàṣẹ́ yìí ni wọ́n bí Romuald Hazoumè sí ní 1962, ẹni tó sọ irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ di ojú èèyàn tí ayé ń wò. Ẹnu kẹ́ẹ̀gì ni ẹnu, ọwọ́ ìmú rẹ̀ ni imú. Mo wò wọ́n títí a fi kúrò ní ìlú, ó sì fún mi lókun díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ kò tíì tán. Àwòrán tí mo yà fún ìwé ìléwọ́ kan ní ọdún tó kọjá ni mo rí láyà ẹnì kan lọ́jà, lórí ẹ̀wù. Mo bi í, ó ní wọ́n tà á fún òun ni. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi sọ pé òun ti sanwó, òun ló ni ín. Owó ìwé ìléwọ́ ló san. Bébà tí mo yà á sí lè di tirẹ̀, ẹ̀tọ́ láti máa tẹ̀ ẹ́ sórí ohun mìíràn kò bá bébà lọ. Benin ní òfin lórí èyí láti 2006, BUBEDRA sì ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o. Mo ti kó ìwé mi lọ síbẹ̀. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi náà ti san 60,000 sẹ́fà nínú ohun tí mo béèrè. Ní báyìí, kí n tó mú kéréyọ̀n, bí a ṣe ń pe lẹ́ẹ̀dì níhìn-ín, ìwé àdéhùn á ti sọ ibi tí àwòrán máa lọ, iye ẹ̀dà, iye ọdún, àtúnṣe méjì péré lọ́fẹ̀ẹ́, ìdajì owó nílẹ̀. Oníṣẹ́ méjì sá nígbà tí wọ́n rí i. Àwọn mẹ́rin fọwọ́ sí i.

Iṣẹ́ tuntun ti dé fún oṣù kìíní: ìwé ọmọdé lórí omi ní Kétu. Òǹkọ̀wé náà kọ ọ́ pé ìyá àgbà inú ìtàn "pọn omi òjò." Ìyẹn nìkan. Mi ò mọ irú ìkòkò tó jẹ́, ibi tí omi ti ń ṣàn dé ẹnu rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń bò ó nítorí ẹ̀fọn, tàbí igbá tí wọ́n fi ń bù ú. Ìyá ìyá mi mọ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé ọjọ́ kejì ọdún ni màá dé, ó ní kí n má jẹun wá. Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́rìnlá sínú ìwé tuntun, mo sì ti fi ojú-ìwé mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo.